Kúlà Òfìfo tí Ìyá Dúró Fi Ránṣẹ́ sí Èkó

Súrùlérè, Èkó,
Oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń ké. Ẹ kú òtútù Ìpetu, ẹ kú ojú lọ́nà wa, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Mo kí Dúró àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá jù lọ Ìyá Súnbọ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Mo sì kí Olùkọ́ Àjàyí, tó máa ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí lẹ́yìn ìsìn. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kà á. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ẹ fún wọn ní omi mu kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí oorun sùn dáadáa mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ mọ̀ mí, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí ló tún dé. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ti kún, omi òjò sì ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà mi bí àlejò tí ojú ń tì láti wọlé. Ayálégbé òkè ń fi sítóòfù dáná lórí pátákó. Epo bẹntiróòlù wọ́n, àwọn awakọ̀ sì ń rà á sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ àga tí èrò jókòó lé. Eyín mi kan ń mì. Mojísọ́lá ọmọ mi kò kọ lẹ́tà lóṣù méjì. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kí mi pé mo ti rù, mi ò sì mọ̀ bóyá ó kàn fẹ́ rí ọ̀rọ̀ sọ ni tàbí ó rí ohun tí èmi kò rí. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo kó jọ láti fi bo ẹyọ kan ṣoṣo tó ń jí mi ní tòótọ́. Kúlà yín ni. Ó wà lórí tábìlì mi níbí, aláwọ̀ ewé, olómorí funfun, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Múfú awakọ̀ ló gbé e dé. Ó ní ẹ kìlọ̀ fún òun pé kí òun má gbé e sábẹ́ àga, kí òun má gbé e sínú oòrùn, kí òun má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ó ní òun ṣe bí ẹ ti wí títí òun fi dé Ìbàdàn, ni òun bá ní kí òun ṣí i wò, kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún gbẹ. Ó wá bi mí pé, Bàbá Mojí, ṣé afẹ́fẹ́ Ìpetu ni ìyá fi ránṣẹ́ sí yín ni? Mo ti fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín kí ó tó jíṣẹ́ yín. Ó ní ẹ ní kí n wá ẹni tí yóò bá wa gbé kúlà náà dé ọ̀dọ̀ Mojí ní Ìlú Ọba, kí ó bu ẹ̀kọ òyìnbó tó ń sè síbẹ̀, kí ó fi yìnyín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa yọ́ lọ́nà. Ẹ ní kó bù ú kó kún dáadáa, torí ìpín Ìyá Súnbọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Múfú pàápàá rí ojú mi, ó rọra gbé fìlà rẹ̀ dé, ó ní òun ń lọ wá èrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí kò mọ̀ wá tí wọn yóò ka ìwé ìròyìn yìí. Mojísọ́lá ni àbígbẹ̀yìn mi. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní Ìlú Ọba, ó sì wálé ní Kérésìmesì tó kọjá. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí yín. Òun nìkan ló wá, torí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn kì í ṣe tèmi mọ́. Ẹ ń da ẹ̀kọ sínú ewé lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe tí kò jẹ́ kó tíì lọ́kọ. Ó wo inú ìkòkò yín, ó ní, Màmá Ìpetu, irú èyí ni.

Ó ṣàlàyé fún yín pé àwọn ń wá bí omi yóò ṣe dì bí ẹ̀kọ láìsí àgbàdo nínú rẹ̀. Ó ní èròjà kan wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti wàrà, èyí tí Ọlọ́run fi ń kọ́ ara wa. Ègé kéékèèké lára irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní pẹ́pútáìdì, wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti da àwọn kan nínú wọn sómi, wọn yóò so kọ́ra bí òwú, wọn yóò há omi mọ́ àárín, omi náà yóò sì dì. Àárín ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi oògùn jẹjẹrẹ sí. Wọ́n fẹ́ kí dókítà lè fi abẹ́rẹ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà gan-an, kó jókòó síbẹ̀, kó máa sun oògùn jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ inú ewé ṣe ń sun omi. Ó ní oògùn tí a ní báyìí, gbogbo ara ló ń rìn ká, ó ń na ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí irun fi ń re tí èébì sì ń gbé èèyàn. Ẹ̀kọ tiwọn yóò jókòó ti ọ̀daràn nìkan.

Mojí ní ẹ bi òun ní ìbéèrè tó pọ̀ ju ti àwọn olùkọ́ òun lọ. Ẹ béèrè bóyá ó máa ń dunni. Ẹ béèrè bóyá ọbẹ wà níbẹ̀. Ó ní kò sí ọbẹ, Màmá, abẹ́rẹ́ lásán ni. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé iṣẹ́ òun ló wù yín. Kò mọ̀ pé ọwọ́ yín ti kan kókó kan nínú ọmú òsì nígbà náà, tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó Dúró ló rí i nígbà tó ń bá yín fọ ẹ̀yìn. Dúró gbé yín lọ sí Iléṣà, wọ́n gé bíńtín wò níbẹ̀, dókítà sì sọ pé jẹjẹrẹ ni, àmọ́ ó ṣì kéré, kò tíì dé abíyá. Ó ní kí a tètè gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó, kí wọ́n gé e kúrò. Dúró ní ẹ kí dókítà náà dáadáa, ẹ súre fún un, ẹ ní kí ó máa fi ọbẹ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn tí kò ní ọmọ ní Ìlú Ọba. Ẹ dìde, ẹ ní kí Dúró máa bọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí yín nígbà náà. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ìlà méjì níbẹ̀, ẹ sọ pé èmi Délé tún ti gbé ẹ̀rù mi dé, ẹ fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo kọ òmíràn, ó bá ti ìṣáájú lọ síbẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ẹ ti dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ẹ ti jẹ́rìí pé oògùn tí kò lọ́bẹ nínú ń bọ̀ láti Ìlú Ọba, pé ọmọ yín ló ń sè é. Ìyá Súnbọ̀, tí òun náà ní kókó tirẹ̀ tó ń bò mọ́lẹ̀, sì ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò lọ sí ọsibítù kankan mọ́, òun ń dúró de ìpín òun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣeé fi sínú àpò ìwé mọ́. Ìdí tí mo fi gbé e wá sínú ìwé ìròyìn nìyí. Mo kọ́kọ́ ní kí Dúró bi yín bóyá ẹ ó bínú. Ó ní ẹ ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń se oògùn kò ní ohun tó ń tì í lójú. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà ni ẹ ó tún gbọ́ èsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí kúlà dé ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tẹlifóònù. Ìlà gùn, ooru mú, olúkúlùkù ń pariwo sínú yàrá kékeré rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí Ìlú Ọba gbọ́ láìsí wáyà. Nígbà tó kàn mí, Mojí kò gbọ́ mi dáadáa. Mo ń ké pé ọmú ni, ọmú, ti òsì, ti òsì, títí gbogbo ìlà fi dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ní, ẹ wo Bàbá arúgbó yìí, kò tiẹ̀ tijú. Mo yọrí jáde, mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì padà sídìí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, obìnrin náà bẹ̀ mí, ó sì bi mí bóyá ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá.

Mojí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ti kúlà fún un. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tún un sọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní, Bàbá, ẹ sọ fún Màmá Ìpetu pé ẹ̀kọ mi kò tíì jinná, àgbàdo rẹ̀ gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sómi. Ó ní gbogbo èyí tí àwọn ní kò ju ohun tí èèyàn lè fi orí ìka bù lọ. Inú ìgò ló wà. Nígbà mìíràn á dì, nígbà mìíràn á kọ̀, nígbà mìíràn gbogbo oògùn inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí omi inú kẹ́ẹ̀gì tó là. Wọn kò tíì fi sí ara eku, ká má tíì sọ ti ọmọ èèyàn. Ó ní bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ bí àwọn ti fẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ tí òun kò tíì bí ni yóò rí i lò.

Mo bi í pé kí wá ni kí n sọ fún yín. Ó ní kí wọ́n gé e. Kí wọ́n gé e nísinsìnyí tó ṣì kéré, torí jẹjẹrẹ kì í dúró de alásè. Ó ń sunkún. Ó ní ká ní òun mọ̀, òun ì bá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà dípò gbogbo ìtàn ẹ̀kọ tí òun sọ. Mo ní kó má sunkún mọ́, pé èmi ni mo ń ṣàníyàn fún ìdílé yìí, kí ó má gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, wáyà sì já.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ mi, ẹ gbọ́ mi yé. Irọ́ kọ́ ni Mojí pa. Iṣẹ́ tó ń ṣe, òtítọ́ ni, iṣẹ́ rere ni, mo sì ń gbàdúrà kí ojú mi rí i kí n tó lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń se ẹ̀kọ mọ̀ pé àgbàdo tó wà nínú omi kì í pa ebi òní. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́, ká lọ̀ ọ́, ká sẹ́ ẹ, kó kan, ká tó gbé e kaná. Ẹni tí ebi ń pa, á jẹ iṣu tó wà nílé ná. Iṣu tó wà nílé ni ọbẹ dókítà. Mo mọ̀ pé kò dùn. Ìyá Súnbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gbé yín lọ. Ìpín yín kò sí nínú kúlà yìí. Kò sí ìpín ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìgbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi dé ibí yìí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé ó ti tán. Mo rò pé ọbẹ lásán ni ẹ ń sá fún. Ìgbà yẹn ni Dúró yọ sí mi.

Ó wá ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ní Èkó, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé tí mo máa ń bá àna mi jókòó sí ní Sábó láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Iṣẹ́ náà kò le. Mo ń ta bírò, mo ń ta ìwé àjákọ, mo sì ń yọ ara mi lẹ́nu pé òjò yóò wọ inú páálí. Dúró jókòó lórí àpótí, ó mu omi. Ẹ mọ̀ pé Dúró kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ tiwa méjèèjì nígbà tí Ọlọ́run ń pín in. Mo ń sọ, mo ń sọ, mo ń ka gbogbo ewu tó wà nílẹ̀. Ó jẹ́ kí n rojọ́ títí, lẹ́yìn náà ló ní, Délé, ìyá kò bẹ̀rù ọbẹ.

Ó ní ọjọ́ kan tí òun ń bẹ̀ yín, ẹ di ọmú òsì náà mú láti orí aṣọ, ẹ sì bi òun pé, bí wọ́n bá gé e, kí ni n ó fi bẹ Délé lọ́jọ́ tó bá ya alágídí? Ọmú ta ni n ó nà sí i?

Ẹ̀gbọ́n mi, oníbàárà kan wọlé béèrè ìwé ìyàwòrán. Dúró ló tà á fún un, ó sì tà á ní ọ̀pọ̀.

Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí kò mọ̀. Ìyá wa kú lórí ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ̀yin àkọ́bí rẹ̀ wà ní ilé ọkọ pẹ̀lú Dúró lọ́wọ́, tó ṣì ń mu ọmú. Wọ́n gbé mi wá fún yín nínú ìró tí wọ́n fi gbà mí, ẹ sì kó wa méjèèjì sórí itan. Ọ̀tún ni Dúró, òsì ni Délé, ẹ kì í jẹ́ kí a pààrọ̀. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni ẹ ti fi ọmú náà bẹ̀ mí láyé mi. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí mo fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí mo ń bẹ̀rù pé n ó fìdí rẹmi. Ẹ ṣí i síta níwájú ọ̀gá ilé ìwé, ọkùnrin náà sá jáde ní ọ́fíìsì ara rẹ̀, mo sì padà sí kíláàsì. Ìkejì ni ìgbà tí ìyàwó mi kú, tí mi ò jẹun mọ́. Ẹ wọkọ̀ wá sí Súrùlérè níbí. Ẹ kàn dì í mú. Mo jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn báyìí, kí gbogbo ayé sì gbọ́. Ọmú náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jáde tipẹ́, ó ti di egungun, ó ti di ẹran ara, ó ti di arúgbó kan tó ń fi bírò kọ̀wé nínú òjò Èkó. Mojí sọ pé èròjà tí òun fi ń se ẹ̀kọ òun, irú rẹ̀ wà nínú wàrà ìyá, òun ló ń mọ ara ọmọ. Ẹ ti se ẹ̀kọ tiyín kí wọ́n tó bí Mojí, ó ti dì, ó ti ń rìn kiri. Ẹ kò nílò láti na ohunkóhun sí mi mọ́. Ọjọ́ tí mo bá ṣe agídí, ẹ kàn wí pé, Délé. Bí wọ́n bá gé òsì kúrò, àpá rẹ̀ ni n ó máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀yin lẹ ó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin ni mo fẹ́.

Ṣé ẹ rántí eéwo tó so sí mi nítan? Mo kéré, àmọ́ mi ò gbàgbé. Dírẹ́sà tó ń tọ́jú egbò yọ abẹ kékeré rẹ̀, mo ń ké bí ẹran tí wọ́n ń mú lọ síbi ìpa. Ẹ kò purọ́ fún mi pé kò ní dùn mí. Ẹ ní yóò dùn mí, àmọ́ ọbẹ tó ń gé ẹran kọ́ ni ọbẹ tó ń gé eéwo. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n ṣáà máa wo ojú yín. Mo wo ojú yín. Lẹ́yìn náà ẹ tú ẹ̀kọ tútù nínú ewé, ẹ fọ́n ṣúgà sí i, ẹ fi bọ́ mi, Dúró sì ń sunkún pé òun náà fẹ́ ní eéwo. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń sọ pé bí Ọlọ́run bá fún Délé ní ẹ̀bùn, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ejò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀, mo ti wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ejò kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni ìdúró tí ẹ ń dúró.

Mo ti lọ sí ọsibítù, mo ti rí dókítà, obìnrin ni, ó fara balẹ̀, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi títí kan èyí tí mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ọjọ́ orí kò dí iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró bá dára. Ó ti fún yín ní Ọjọ́rú kan tí òun yóò yẹ̀ yín wò. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, ó lè jẹ́ oògùn oníhóró ni ẹ ó máa lò, kí a kọ́kọ́ rí i ná. Ti owó, ẹ má béèrè. Àwọn ọmọ ti dá sí i, rélùwéè sì ti san díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì tí mo ti ń retí. Yàrá ìyàwó mi ni ẹ ó sùn. Mo ti kan nẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Mo ti sọ fún ayálégbé òkè pé bí sítóòfù rẹ̀ bá tún wà lórí pátákó nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé, èmi àti òun ni. Ilé náà ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti tú ká. Bí ẹ bá dé ibí tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo rò pé n ó sùn.

Ó ku ti kúlà. Múfú ní kí òun gbé e padà fún yín, mo ní rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í dá abọ́ alábọ́ padà lófìfo. Mo ti wá ohun tí n ó fi sí i títí, kò sí èyí tó tó. Lẹ́yìn náà ni mo tún rántí pé a kì í ránṣẹ́ pe àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbà bá òun lọ, yóò gbéra lọ bá a. Lẹ́tà ni mo ti ń rán láti oṣù kẹfà, kí ló dé tí wọn kò ní wà lábẹ́ ìrọ̀rí? Èmi fúnra mi ni n ó gbé kúlà yìí wá. Mo mọ̀ pé mi ò tíì wọ ọkọ̀ jìnnà láti ọdún mélòó kan. Ọkọ̀ ojú irin tí mo mọ̀ láti Ìdó dé Òṣogbo kò lọ déédéé mọ́, nítorí náà ọkọ̀ Múfú ni. Mo ti wo táyà rẹ̀. Mo ti ní kó búra pé kò sí kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ àga mi. Ó ní, Bàbá Mojí, bí ẹ bá ń bẹ̀rù báyìí, kí ló dé tí ẹ ń lọ? Mo ní ẹ̀rù kọ́ ló ni ẹsẹ̀ mi.

Ọsàn àti àpù tí ẹ fẹ́ràn ni n ó kó kún inú rẹ̀ bí mo bá ń bọ̀. Nígbà tí a bá jọ ń padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ se ẹ̀kọ, ẹ fi ewé pọ́n ọn, ẹ jẹ́ kí ó dì dáadáa, kí a kó o sínú kúlà náà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ tí n ó tú fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí n ó fọ́n ṣúgà sí. Yóò dùn yín, mi ò ní purọ́. N ó di ọwọ́ yín mú títí dé ẹnu ọ̀nà tí wọn kò bá ti jẹ́ kí n kọjá. Ẹ ṣáà máa wo ojú mi.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò dá ti Ìyá Súnbọ̀ sí, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀kọ Mojí jinná ní àsìkò rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará ọ̀nà, ẹ kí gbogbo ẹgbẹ́. Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ kò sáré. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n di aṣọ wọn sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ yín, ọmọ ọmú òsì,
Ọládélé, tí yóò gbéra ní Èkó ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí.